George Whitefield, Ẹni Tí Ó Pẹ̀tù sí Ááwọ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, John Wesley àti Charles àbúrò rẹ̀ ni a sábà máa ń dárúkọ. Ẹnìkẹta wọn, George Whitefield, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìlú Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní ọdún 1714. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì ń bójú tó ilé èrò tí ó fi sílẹ̀. Whitefield ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní Oxford, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olówó kí ó tó lè kàwé, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdé àwọn Wesley.

Òun ni ó kọ́kọ́ jáde sí gbangba pápá láti wàásù fún àwọn tí ń wa èédú nínú ilẹ̀ ní Kingswood, lẹ́bàá Bristol, ní oṣù Kejì ọdún 1739. Ó ránṣẹ́ pe John Wesley kí ó wá gba iṣẹ́ náà. Wesley lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lọ.

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Whitefield gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò là ṣáájú. Wesley ní oore-ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ènìyàn. Wesley tẹ ìwàásù jáde lórí rẹ̀, Whitefield sì tẹ ìdáhùn tirẹ̀ jáde ní 1741. Àwọn ọmọ ìjọ pín sí méjì. Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí: àwọn àgbà a jà díẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn a máa koná mọ́ ọn. Èrò àwọn méjèèjì kò yí padà, síbẹ̀ wọ́n tún padà di ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń bá ara wọn wàásù.

Ti ọdún 1749 ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù. John Wesley fẹ́ gbé opó kan, Grace Murray, níyàwó. Wọ́n sì ti jọ ṣe àdéhùn. Charles kò fẹ́ ẹ rárá. Ó sáré lọ, ó sì rí i dájú pé oníwàásù mìíràn, John Bennet, gbé obìnrin náà níyàwó ní Newcastle. Ẹ wo irú ọgbẹ́ tí ọmọ ìyá fi dá ọmọ ìyá! Ní Leeds, Whitefield bá John sunkún, ó sì gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Charles dé, inú ń bí i, ó ní òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Whitefield àti John Nelson bú sẹ́kún, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń bẹ àwọn méjèèjì, títí wọ́n fi dì mọ́ ara wọn. Nígbà tí Bennet náà wọlé, Wesley fi ẹnu kò ó lẹ́nu láìsọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, pàápàá àwa ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú. Ó dá ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀ ní Georgia ní 1740, ó sì rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gba ẹrú láàyè níbẹ̀. Wọ́n gbà á láàyè ní 1751, òun náà sì ní ẹrú. Ẹni tí ó sunkún kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè rẹ́ kò rí arákùnrin nínú ẹni tí ń ro oko rẹ̀. Ìwé tí Wesley kọ lòdì sí òwò ẹrú kò jáde títí di 1774.

Whitefield kú ní Newburyport, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1770. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Wesley ni kí ó wàásù ìsìnkú òun. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, Wesley, tí ó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, dúró sórí àga ìwàásù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Tottenham Court Road, ní London. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n dá fún ìsìn kejì ní Tabernacle, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́ta ni ibẹ̀ ti kún. Aago mẹ́rin ni Wesley bẹ̀rẹ̀.