Omidan Mary Kingsley, Obìnrin tí Ó Wá Ẹja Dé Odò Wa

Bí a bá dúró ní etí ọ̀sà Ébrié ní Abidjan, níhà Treichville tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, a ó rí àwọn apẹja tí wọ́n ń sọ àwọ̀n sínú omi. Èrò ọjà nìkan ni a máa ń rò nígbà tí a bá rí wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin Òyìnbó kan wà tí ó mọ̀ pé ìmọ̀ jinlẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Ìlú London ni a bí Mary Kingsley sí ní ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 1862. Ìdílé tí ó fẹ́ràn ẹja pípa ni. Charles Kingsley, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tí í ṣe àlùfáà àti òǹkọ̀wé, a máa pa ẹja tráòtù nínú àwọn odò tútù tí ó mọ́ gaara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a fi ìyẹ́ ẹyẹ wé ìwọ̀ títí yóò fi dà bí eṣinṣin, wọn a sì jù ú sórí omi kí ẹja lè rò pé oúnjẹ dé. George, baba Mary, tí í ṣe oníṣègùn, fẹ́ràn eré yìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kì í jẹ́ kí ó gbélé.

A rán àbúrò Mary ọkùnrin lọ sí Yunifásítì Cambridge. Mary kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé baba rẹ̀ ni ó ń kà nílé, bí ó ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ń ṣàìsàn. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó ní ayé ti ara rẹ̀, nígbà tí baba àti ìyá rẹ̀ kú ní ọdún kan náà, 1892.

Ní ọdún 1893 ó wọ ọkọ̀ wá sí Áfíríkà. Ọdún yẹn gan-an ni Faransé sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àmọ́nà rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá ní etíkun yìí, abúlé àwọn Ébrié ni ó wà níbi tí Abidjan wà lónìí.

Ó padà wá ní ìparí ọdún 1894. Ọ̀mọ̀wé Günther ti British Museum ti fẹ́ kí ó bá òun kó ẹja jọ, nítorí náà ó gba odò Ogooué lọ ní ilẹ̀ Gabon. Ó ń ta aṣọ, tábà àti ìwọ̀ láti fi rí oúnjẹ àti ibùsùn. Àwọn ará odò ni wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà, ó sì kọ́ bí a ti ń tukọ̀. Nígbà tí ọ̀nì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ ni ó fi lù ú ní imú. Nígbà tí ó já sínú ọ̀fìn tí igi ṣóńṣó kún inú rẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ tí ó nípọn ni kò jẹ́ kí igi gún un.

Oríṣi ẹja 65 ni ó kó dé London. Mẹ́ta nínú wọn kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀ Òyìnbó rí, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí London tó sọ wọ́n lórúkọ, àwọn tí ń jẹ wọ́n ti mọ̀ wọ́n.

Bí ó ti kọ́ ẹja lọ́dọ̀ àwọn ará odò, bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ òfin àti àṣà wọn. Ìwé méjì tí ó tẹ̀ ní 1897 àti 1899 fi hàn pé àṣà wa ní ìdí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó-orí lé ilé ní Sierra Leone, tí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó dìde sí owó-orí náà. A kò sọ pé ó pé: agbẹnusọ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì gbà pé kí a fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa.

Ní ọdún 1900 ó lọ tọ́jú àwọn Boer tí a kó lẹ́rú ogun ní Simon's Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Ibà táífọ́ọ̀dù pa á ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà. Ẹni ọdún 37 ni. Bí ó ti bẹ̀bẹ̀, inú òkun ni a sin ín sí. Ní 1901, a dá Ẹgbẹ́ Áfíríkà sílẹ̀ ní London ní ìrántí rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nígbà mìíràn tí a bá ń ná ẹja ní etí ọ̀sà, ẹ jẹ́ kí a bi apẹja léèrè ohun tí ó mọ̀.