Maurice Stokes: Akọni agbábọ́ọ̀lù tí ìṣubú kan dá dúró, àti ọ̀rẹ́ tí kò fi í sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọbí kò kan ti àánú, ẹni tí orí bá rán síni ló ń ṣeni lóore. Bí ẹnìkan bá wà láàrin àwọn eléré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òwe yìí bá mu rẹ́gí, Maurice Stokes ni. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù sínú àwọ̀n, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó lọ di gbajúgbajà lọ́hùn-ún, ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Olajuwon rárá, Stokes ti gbá tirẹ̀, ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àìsàn sì ti dè é mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló fi gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ọdún méjìlá ló fi wà nínú àìlera.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1933, ni wọ́n bí i ní Rankin, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìbejì ni, obìnrin sì ni èkejì rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Homewood, àdúgbò kan nínú ìlú Pittsburgh, iléèwé Westinghouse tó wà níbẹ̀ ló sì ti kàwé kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Francis ní ìlú Loretto.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni Saint Francis, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Stokes ló gbé orúkọ rẹ̀ dé New York. Ní ọdún 1955, wọ́n lọ síbi ìdíje ńlá kan tí wọ́n ń pè ní NIT ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Ipò kẹrin ni Saint Francis ṣe, síbẹ̀ Stokes ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé kí wọ́n gbé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ ṣe ipò kẹrin. Ní ọdún yẹn kan náà, ikọ̀ Rochester Royals mú un wọ NBA, òun sì ni ẹni kejì tí wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé lọ́dún náà.

Ọ̀gbẹ́ni náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méje, ara rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún kílò. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń sáré bí ẹni kékeré, ó sì ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó lójú lẹ́yìn orí. Bí bọ́ọ̀lù bá ta padà lára àwọ̀n, ọwọ́ Stokes ló sábà máa ń bọ́ sí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kìíní, ọdún 1956, ó gba irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ 38 nínú ìdíje kan ṣoṣo tí wọ́n bá ikọ̀ Syracuse gbá. Òun náà ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ́dún náà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó gba 1,256, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó tí ì gba tó bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan ní NBA. Ní 1957 ni ikọ̀ náà kó kúrò ní Rochester lọ sí Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì dà bí ẹni pé ayé Stokes ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1958. Ìdíje tó kẹ́yìn nínú sáà ni, ikọ̀ Lakers ni wọ́n sì ń bá gbá nílùú Minneapolis. Stokes gbé bọ́ọ̀lù wọ abẹ́ àwọ̀n, wọ́n kọlura, ó ṣubú, ó sì fi orí gbá ilẹ̀. Ó dákú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n fi oògùn olóòórùn líle sí i nímú, ó ta jí, ló bá padà sórí pápá. Lónìí, òfin NBA kò ní jẹ́ kí ẹni tó bá ṣubú báyẹn padà láìjẹ́ pé àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà náà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè dìde ni wọ́n ń pè ní alágbára.

Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún gbá bọ́ọ̀lù ní Detroit, ó sì jẹ àmì 12. Inú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fi ń padà bọ̀ ni ara rẹ̀ ti yí padà. Gìrì mú un, ó dákú lọ. Nígbà tó jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọpọlọ tó ń darí ara ló fara pa. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le jù ni pé làákàyè rẹ̀ pé pérépéré: ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ó ń mọ ohun gbogbo. Ọmọ ọdún 24 ni.

Owó ìtọ́jú wá di òkè ìṣòro. Ikọ̀ tó ti pa owó wọlé fún kò ní ètò adójútòfò kankan tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, NBA náà kò ní. Owó tirẹ̀ wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ síwèé tí yóò fi gbà á jáde. Àwọn ẹbí rẹ̀ wà ní Pittsburgh, apá wọn kò sì ká a.

Níbẹ̀ ni Jack Twyman ti jáde síta. Agbábọ́ọ̀lù Royals lòun náà, ọmọ Pittsburgh ni, ọdún 1955 kan náà ni àwọn méjèèjì sì wọ ikọ̀. Òyìnbó ni Twyman, aláwọ̀ dúdú ni Stokes, ní àkókò tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibi wà ní Amẹ́ríkà tí òfin kò gbà kí dúdú àti funfun jókòó jẹun pọ̀. Twyman kò tí ì pé ọmọ ọdún 24, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ tirẹ̀ láti bọ́. Síbẹ̀ ó lọ sí kóòtù, ó ní kí wọ́n fi òun ṣe alágbàtọ́ Stokes lábẹ́ òfin, wọ́n sì gbà.

Kì í ṣe àánú ẹnu lásán ló ṣe. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ohio, ó ní ẹni tó fara pa lẹ́nu bọ́ọ̀lù tó ń gbá fún owó oṣù, ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa, bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ èyíkéyìí. Ìjọba gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tí òfin fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Nígbà tí ìyẹn kò tó, Twyman ṣètò ìdíje ìrànwọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ìràwọ̀ NBA, títí kan Wilt Chamberlain, ń péjọ sí ilé ìgbafẹ́ Kutsher's ní Monticello ní ìpínlẹ̀ New York láti gbá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, kí owó tó bá wọlé lè jẹ́ ti Stokes.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí náà dá ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ. Twyman yóò máa ka A, B, C lọ, bó bá dé lẹ́tà tí Stokes fẹ́, Stokes yóò ṣẹ́jú. Lẹ́tà kan, lẹ́tà mìíràn, títí ọ̀rọ̀ kan yóò fi jáde. Ẹni tó ti ń fò gba bọ́ọ̀lù lókè wá ń ṣe làálàá ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ kí ìka kan ṣoṣo lè mira. Kò bọ́hùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó dé ibi tó ti lè tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì fi í kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 1970, ló kú ní Cincinnati, ọmọ ọdún 36. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́, ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Loretto ni wọ́n sin ín sí, ní ibi ìsìnkú àwọn àlùfáà. Ìdíje Monticello kò bá a kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é, owó rẹ̀ sì di ti àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí nǹkan kò rọ̀ṣọ̀mù fún.

Ìgbà tó tó ni ó sì gbà kí NBA tó kọ́gbọ́n. Ní 1964, ní Boston, ó kù díẹ̀ kí àwọn ìràwọ̀ kọ̀ láti gbá ìdíje ńlá wọn, àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n tó gbé orúkọ Stokes wọ ilé ìrántí àwọn akọni básíkẹ́ẹ̀tì ní Springfield. Twyman, tí tirẹ̀ ti wọbẹ̀ láti 1983, ló gba ẹ̀yẹ náà fún un. Òun náà kú ní 2012, lẹ́ni ọdún 78. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, NBA dá àmì-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rere jù lọ, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é.

Ìdíje 202 péré ni Stokes gbá ní NBA. Àwọn tó gbá ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ lọ jàra, àwọn tó sì lówó jù ú lọ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún méjìlá bá ara tirẹ̀ jà láìjuwọ́sílẹ̀, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró tì í títí dé ọjọ́ ikú, kì í ṣe ẹni tí a ń fi àmì orí pápá nìkan wọ̀n. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba èrè lára agbára ọ̀dọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ tí agbára náà bá dáwọ́ dúró. Ẹni bíi Twyman kò pọ̀ láyé, kò sì yẹ kó jẹ́ pé orí ẹnìkan ṣoṣo ni ìgbàlà òṣìṣẹ́ rọ̀ mọ́.