Richard St. Barbe Baker: Òyìnbó tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú igi

Ọdún 1889 ni wọ́n bí Richard St. Barbe Baker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tó ti ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú igbó ní yunifásítì Cambridge, ìjọba amúnisìn sì rán an lọ sí Kenya lọ́dún 1920.

Níbẹ̀ ló ti rí i pé ilẹ̀ àwọn Kikuyu ń ṣá, nítorí igi tí wọ́n ń gé láìgbin òmíràn. Kò fi òfin dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn Kikuyu ní ijó tí wọ́n ń jó bí wọ́n bá fẹ́ gbin ẹ̀wà, Baker sì ní kí wọ́n jó ti igi náà. Lóṣù keje ọdún 1922, òun àti Olóyè Josiah Njonjo dá ẹgbẹ́ Watu wa Miti, ìyẹn Àwọn Ènìyàn Igi, sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbin igi mẹ́wàá lọ́dọọdún, kó sì máa tọ́jú igi níbi gbogbo.

Láàrin 1925 sí 1929, ó bá wọn mójú tó igbó ọ̀gànwó ní gúúsù Nàìjíríà. Lọ́dún 1952, ó rìnrìn àjò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti wo bí iyanrìn ṣe ń gba ilẹ̀ oko. Ìlú Saskatoon, ní Kánádà, ló kú sí lóṣù kẹfà ọdún 1982, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko a máa dá igi emi tó ń so òrí àti igi irú sí. Àwọn tó ń sun èédú ni kì í dá igi sí. Ẹni tó bá gé, kó gbìn: ohun tí Baker fi ọgọ́ta ọdún wàásù nìyẹn.