Bazalgette àti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tún páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ti gbó ṣe láìgbẹ́ títì: wọ́n á rẹ àpò aṣọ sínú resin, wọ́n á fi omi tì í wọnú páìpù, wọ́n á fi ooru mú un le. Èmi ò ro ti àpò yẹn. Ẹni tó kọ́ gọ́tà àtijọ́ ni mo ń rò.

Enfield ni wọ́n bí Joseph Bazalgette sí ní 1819. Ní 1856 ó di ọ̀gá ẹnjiníà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Odò Thames ni gbogbo ẹ̀gbin ń dà sí. Nígbà ooru 1858, òórùn rẹ̀ wọlé bá àwọn aṣòfin, kíá lowó jáde! (Àwọn tálákà ti ń gbóòórùn yẹn tipẹ́.)

Bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ló fi kọ́ gọ́tà ńlá tó gùn tó kìlómítà 130. Ní 1866, iṣẹ́ ò tíì parí ní ìlà oòrùn ìlú nígbà tí onígbáméjì padà dé. Ibẹ̀ gan-an ló ti pa èèyàn tó lé ní 5,000. Ibi tí gọ́tà ti ń ṣiṣẹ́ kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó kú ní 1891. Ní 1971, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ni Eric Wood kọ́kọ́ fi irú àpò yẹn sínú gọ́tà àtijọ́ kan ní Hackney. Ọ̀pọ̀ gọ́tà Bazalgette ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.