Élie Cartan, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Òkè pọ̀ ní Atakpamé. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé lórí òkè, yóò yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀. Kì í yí gòkè láéláé. Agbára kan ló ń fà á wálẹ̀. Agbára yìí kan náà ló ń fa òjò wálẹ̀. Òun ni kò jẹ́ kí òṣùpá sá lọ kúrò lọ́dọ̀ ayé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ti ronú nípa rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Élie Cartan.

A bí Élie ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1869, ní Dolomieu, abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni òòlù ti ń dún kọ̀n-kọ̀n-kọ̀n létí wọn. Àwọn òbí rẹ̀ kò lówó. Láyé ìgbà náà, ẹ̀yìn ẹwìrì ni ọmọ alágbẹ̀dẹ sábà máa ń wà, tí yóò máa fẹ́ iná fún bàbá rẹ̀.

Onítìjú ọmọ ni Élie, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ní ọjọ́ kan, alábẹ̀wò ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Antonin Dubost rí i, ó sì mọ̀ pé ọmọ yìí yàtọ̀. Ó ràn án lọ́wọ́ kí ó lè ṣe ìdánwò. Ọmọ tó bá yege, ìjọba ni yóò sanwó ilé-ìwé rẹ̀. Élie yege! Ọmọ ọdún 10 péré ni nígbà tó kó ẹrù rẹ̀, tó fi abúlé sílẹ̀.

Ní ọdún 1888, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Paris. Ó di olùkọ́ ìṣirò. Anna, àbúrò rẹ̀ obìnrin, náà di olùkọ́ ìṣirò.

Ní ọdún 1915, Albert Einstein mú ọ̀rọ̀ tuntun jáde nípa agbára tó ń fa nǹkan. Bí ọmọ mẹ́rin bá di igun aṣọ mú, tí a gbé òkúta sí àárín rẹ̀, aṣọ náà yóò tẹ̀. Bí a bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí etí aṣọ, yóò yí lọ bá òkúta. Einstein ní bẹ́ẹ̀ ni òfurufú rí. Oòrùn wúwo, ó sì tẹ òfurufú. Ní ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn lójú. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo ìràwọ̀ ní Príncipe, erékùṣù kan nínú òkun kan náà tó dé etí Lomé. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tẹ̀ bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn.

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í tẹ̀ nìkan. Bí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀, ṣebí a máa ń lọ́ ọ? Cartan ronú pé òfurufú náà lè lọ́. Ní ọdún 1922, ó fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀.

Lọ́dún náà, Einstein wá sí Paris. Cartan sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ṣùgbọ́n kò yé Einstein. Nígbà tó di ọdún 1929, Einstein fúnra rẹ̀ ń kọ̀wé nípa òfurufú tó lọ́, kò sì rántí Cartan mọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa dun ènìyàn. Cartan kò bá a jà. Ó kọ lẹ́tà, ó rán an létí. Einstein gbà pé òótọ́ ni. Títí di ọdún 1932 ni wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn.

Cartan kọ́ ilé sí Dolomieu. Nígbà mìíràn tó bá wá sílé, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí a lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ, a sì máa fi ẹwìrì fẹ́ iná.

Ó rí ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ rẹ̀ Jean, tó ń kọ orin, kú ní ọdún 1932. Louis, ọmọ rẹ̀ mìíràn, wà lára àwọn tó ń gbógun ti àwọn ará Jámánì tó gba ilẹ̀ Faransé. Wọ́n pa á ní ọdún 1943. Ọdún 1945 ni ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé.

Élie Cartan kú ní Paris ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1951.

Ní nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Tom Kibble àti Dennis Sciama tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú kò lè rí, tó ń pòòyì bí òkòtó, lè máa lọ́ òfurufú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lílọ́ náà kéré púpọ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí i. Wọ́n ṣì ń wá a.