Tazio Nuvolari: Ọmọ Ìtálì tí wọ́n gbé gun alùpùpù tòun ti báńdéèjì, tó sì gbégbá orókè

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925, àwọn mẹkáníìkì iléeṣẹ́ Bianchi gbé ọkùnrin kúkúrú kan sórí alùpùpù ní pápá ìdíje Monza, nítòsí ìlú Milan lórílẹ̀-èdè Ìtálì. Ọkùnrin náà ò lè dá gun alùpùpù ọ̀hún fúnra rẹ̀. Báńdéèjì ni wọ́n fi wé e lára, wọ́n so tìmùtìmù mọ́ ọn níkùn, wọ́n sì ti dì í débi pé ńṣe ló tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ti wà lórí alùpùpù tẹ́lẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá a ti alùpùpù, ẹ́ńjìnnì gbiná, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí eré parí, òun ló gba ipò kìíní.

Tazio Nuvolari lorúkọ rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá gbọ́ orúkọ yìí, mọ́tò ni wọ́n máa ń rántí, pàápàá Alfa Romeo. Àmọ́ orí alùpùpù ló ti kọ́kọ́ di olùborí ilẹ̀ Yúróòpù. Orí alùpùpù náà ló sì ti fi ìwà tó bá a kalẹ́ hàn: ara lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, Nuvolari ò ní gbà.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń díje nílé wọn

Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1892 ni wọ́n bí Nuvolari sí Castel d'Ario, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Mantova ní àríwá Ìtálì. Àgbẹ̀ ni Arturo bàbá rẹ̀, àmọ́ ó tún fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gan-an. Òun àti Giuseppe arákùnrin rẹ̀ jọ máa ń kópa nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ ni, Giuseppe tiẹ̀ di olùborí Ìtálì. Nígbà tó yá, Giuseppe yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà iléeṣẹ́ Bianchi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì ti wọ ọmọ náà lára.

Lọ́dún 1915, Nuvolari gba ìwé àṣẹ láti máa fi alùpùpù díje. Ọdún yẹn gan-an ni Ìtálì dá sí Ogun Àgbáyé Kìíní, bó ṣe di pé ó ń wa ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun nìyẹn. Ó fẹ́ Carolina Perina ní 1917, wọ́n sì bí Giorgio, àkọ́bí wọn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí ogun parí ló tó ráyè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1920, ó kópa nínú ìdíje alùpùpù nílùú Cremona. Ẹni ọdún 27 ni, ó ti níyàwó, ó sì ti bímọ. Àwọn míì ti ń ronú àtifi eré ìje sílẹ̀ lọ́jọ́ orí yẹn, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ìdíje alùpùpù ṣe rí nígbà náà?

Ẹ má fi wé ti òde òní o. Títì tí aráàlú ń rìn ni wọ́n ti ń díje lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀nà náà ni kò sì ní ọ̀dà. Eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ nígbà òjò, òkúta wẹ́wẹ́ nígbà gbogbo. Táyà tín-ín-rín, bíréèkì tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú, ọwọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pa jíà dà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa ń kù láti fi di ọkọ̀ mú bí wọ́n bá ń yí jíà. Ẹni tó bá ṣubú, ilẹ̀ líle ló máa gbà á.

Nínú irú ìdíje báyìí ni Nuvolari ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò ga, ara rẹ̀ ò sì wúwo, àmọ́ ó lágídí. Ní 1923, ó gbájú mọ́ ìdíje alùpùpù pátápátá. Nígbà tó fi máa di 1924, ó ti di olùborí Ìtálì ní ìsọ̀rí alùpùpù 500cc. Ọdún 1925 ni Bianchi wá gbé alùpùpù 350cc wọn tuntun lé e lọ́wọ́. Nítorí àwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n kùn ún, Freccia Celeste ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọfà aláwọ̀ ojú ọ̀run.

Ọjọ́ tí Alfa Romeo gbé e ṣánlẹ̀

Àmọ́ ojú Nuvolari ti wà lára mọ́tò náà. Ní oṣù Keje 1925, awakọ̀ Alfa Romeo tó gbajúmọ̀ jù, Antonio Ascari, kú nínú ìdíje kan ní Faransé. Iléeṣẹ́ náà ń wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì pe Nuvolari wá sí Monza ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án kó wá dán mọ́tò wọn wò.

Ó sáré débi tó ya àwọn tó ń wò ó lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni jíà há, mọ́tò yà kúrò lójú ọ̀nà, Nuvolari sì fara gbọgbẹ́ gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ya yánnayànna. Àwọn dókítà ní kó lọ sinmi fún bí oṣù kan.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìdíje alùpùpù tó tóbi jù ní Ìtálì, tí wọ́n ń pè ní Gran Premio delle Nazioni, kò ju ọjọ́ mélòó kan sí i, Monza níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ṣe é. Nuvolari ò ní kí àwọn dókítà wo òun sàn kó tó dìgbà náà, ó mọ̀ pé ìyẹn ò lè ṣeé ṣe. Ohun tó bẹ̀ wọ́n ni pé bí wọ́n bá máa di báńdéèjì mọ́ òun, kí wọ́n di í bí ẹni tó jókòó sórí alùpùpù. Tó bá ṣe pé kò lè nà ró, kò tán? Kò sẹ́ni tó ń dúró nàró lórí alùpùpù.

Bí wọ́n ṣe gbé e gun alùpùpù nìyẹn, tó sì borí nínú òjò. Yàtọ̀ síyẹn, ó di olùborí Yúróòpù ní ìsọ̀rí 350cc lọ́dún yẹn. Alfa Romeo ò fún un níṣẹ́ lásìkò yẹn. Bianchi ló jàǹfààní rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin léraléra, láti 1925 sí 1928, òun ló ń borí ní ìsọ̀rí 350cc ìdíje náà. Ìdíje Lario tún wà, tí wọ́n máa ń ṣe lórí àwọn ọ̀nà òkè tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ nítòsí adágún Como. Ìgbà márùn-ún ló borí níbẹ̀, láti 1925 sí 1929. Ibi tí kọ́nà bá ti pọ̀, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó kù, ibẹ̀ gan-an ló máa ń já wọn sílẹ̀.

Ó fi alùpùpù sílẹ̀, ìwà kò yí padà

Ní 1928, ó kó owó ara rẹ̀ jọ, ó sì ra mọ́tò Bugatti láti dá ikọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Òun àti Achille Varzi, tí wọ́n jọ máa ń figa gbága lórí alùpùpù, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, àmọ́ àjọṣe náà ò tọ́jọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Nuvolari borí nílùú Tripoli ní Líbíà, tó wà lábẹ́ àkóso Ìtálì nígbà náà. Òun àti Varzi wá di orogún tí gbogbo Ìtálì ń tìtorí wọn jiyàn.

Ìparí 1930 ló fi alùpùpù sílẹ̀ pátápátá. Alfa Romeo ti wá gbà á nígbà yẹn, ó sì ti borí ìdíje Mille Miglia lọ́dún náà, ìyẹn ìrìn ẹgbẹ̀rún máìlì láti Brescia dé Róòmù àti padà. Títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ pé ó pa iná mọ́tò rẹ̀ nídàájí kí Varzi má baà mọ̀ pé òun ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní àsọdùn ni. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ ni pé Nuvolari ló borí.

Ní 1932, ó di olùborí Yúróòpù nínú ìdíje mọ́tò. Lọ́dún yẹn, gbajúgbajà akéwì Gabriele D'Annunzio fún un ní ìjàpá wúrà kékeré kan. Ó ní ẹranko tó falẹ̀ jù ló yẹ ẹni tó yára jù. Ìjàpá yẹn di àmì Nuvolari, ó sì ń wà lára ẹ̀wù rẹ̀ bó bá ń díje.

Ọdún 1934 ló ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ìlú Alessandria nígbà tí òjò ń rọ̀. Kò tó oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tó tún fi jáde ní AVUS, ìlú Berlin, pẹ̀lú POP lẹ́sẹ̀. Wọ́n bá a tún inú mọ́tò ṣe kó lè máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ gbogbo ohun tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀. Ó ṣe ipò karùn-ún. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monza lọ́dún 1925 ò ní yà á lẹ́nu.

Èyí tó wá lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, 1935, ní Nürburgring lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ìjọba Hitler ló wà lórí àléfà, iléeṣẹ́ Mercedes àti Auto Union sì kó mọ́tò tó lágbára gidi jáde. Alfa Romeo tí Nuvolari wà ti ń darúgbó, òun náà sì ti pé ẹni ọdún 42. Nígbà tó dúró gba epo, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo bà jẹ́, ó sì lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ń lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku ìyípo kan ṣoṣo, Manfred von Brauchitsch ti Mercedes ló ṣì wà níwájú. Táyà rẹ̀ bẹ́. Nuvolari kọjá lára rẹ̀, ó sì borí níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye ará Jámánì tí wọ́n wá wo àṣeyọrí àwọn ọmọ wọn.

Ọmọ méjèèjì lọ

Ẹni tí ara rẹ̀ ń gba gbogbo ìyẹn, ibi tí kò lè dì ní báńdéèjì ni ìyà ti jẹ ẹ́.

Ní 1937, orí omi ni Nuvolari wà nínú ọkọ̀ òkun, ó ń lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ díje, nígbà tí Giorgio àkọ́bí rẹ̀ kú nílé. Àìsàn ọkàn ló pa á. Ní 1946, àìsàn kíndìnrín pa Alberto, ọmọ kejì, tó tún jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó kù. Kò sí èyí tó pé ogún ọdún nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nuvolari àti Carolina ló sin ọmọ wọn.

Láàárín ikú méjèèjì, ó ti wa mọ́tò fún Auto Union ti Jámánì tó ti ń lù tẹ́lẹ̀. Ó borí ní Belgrade lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, 1939, ọjọ́ tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kéde ogun lé Jámánì lórí. Ogun wá dá eré ìje dúró.

Lẹ́yìn ogun, àárẹ̀ ti mú un. Èéfín ẹ́ńjìnnì tó ti fà símú látọdún yìí wá ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, ó sì máa ń pọ ẹ̀jẹ̀ lójú ìdíje. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé yóò lọ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ilé wo? Ilé tí ọmọ ò sí mọ́. Ó padà sídìí ọkọ̀.

Ní Mille Miglia ọdún 1948, ẹni ọdún 55 ni, Ferrari ni wọ́n gbé fún un. Ó ń ṣíwájú gbogbo wọn bí mọ́tò náà ṣe ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, ìjókòó tú, ó ṣì ń lọ. Nígbà tó dé agbègbè Reggio Emilia ni ọkọ̀ náà ò lọ mọ́. Mọ́tò ló rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe awakọ̀.

Oṣù Kẹrin ọdún 1950 ló díje gbẹ̀yìn, lórí òkè Pellegrino nílùú Palermo. Òun ló ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí rẹ̀.

Bó ṣe kú

Yorùbá ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ojú ọ̀nà ni Nuvolari máa kú sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Varzi orogún rẹ̀, tó kú nínú ìdánrawò ní Bern lọ́dún 1948. Àmọ́ orí ibùsùn ni Nuvolari kú sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ kọ lù ú ní 1952, ó sọ apá kan ara rẹ̀ di aláìlágbára. Èyí tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ló gbé e lọ, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1953, nílùú Mantova. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tú jáde láti sin ín. Férémù mọ́tò ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ lé, àwọn ọ̀gá awakọ̀ bíi Alberto Ascari, Luigi Villoresi àti Juan Manuel Fangio sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alberto yìí ni ọmọ Antonio Ascari, ẹni tí Nuvolari fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ní Alfa Romeo lọ́dún 1925.

Kò sẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ni wọ́n fi tì í, bí àwọn mẹkáníìkì Bianchi ṣe fọwọ́ tì í ní Monza, títí tó fi dé ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà.