Ọmọ Isabel, Agbẹ́gilére Ouro Preto

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, níbi tí mo ti ń ka ìwé nípa àfòmọ́ ni mo ti bá ọ̀rọ̀ Pọtogí kan pàdé: Aleijadinho. Aleijado ni arọ. -Inho ni àfòmọ́ ẹ̀yìn tó ń sọ nǹkan di kékeré. Arọ kékeré, orúkọ ènìyàn nìyẹn! Àwa máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àmọ́ àìsàn ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọkùnrin yìí lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ láti ilé.

Antônio Francisco Lisboa ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Láàárín 1730 sí 1738 ni wọ́n bí i ní Vila Rica, ìlú tí à ń pè ní Ouro Preto lónìí, ní Minas Gerais, Bràsíl. Bàbá rẹ̀, Manuel Francisco Lisboa, jẹ́ ọmọ Pọtogí, ọ̀gá káfíńtà tó tún ń yàwòrán ilé. Isabel ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ẹrú bàbá náà sì ni. Ẹrú ni òfin ka ọmọ ẹrú sí. Ọjọ́ ìrìbọmi ni bàbá dá a sílẹ̀.

Ìlú wúrà ni Vila Rica. Àwọn ẹrú ló ń wa wúrà ọ̀hún, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, bí irú Nossa Senhora do Pilar. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ igi sí òdòdó àti áńgẹ́lì. Wọ́n á fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ lẹ́ẹ̀ kùn ún léraléra kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀, wọ́n á fi amọ̀ pupa lé e, kí wọ́n tó wá lẹ wúrà tí wọ́n ti lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, tí wọ́n á sì fi òkúta ra á títí á fi máa dán. Wúrà lojú ń rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ agbẹ́gilére ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní 1766 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco de Assis tí Antônio yàwòrán rẹ̀. Ní nǹkan bí 1777, àìsàn dé, ó sì ba ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, láàárín 1790 sí 1794, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ pẹpẹ ńlá ṣọ́ọ̀ṣì náà. Rodrigo Bretas, tó kọ ìtàn rẹ̀ ní 1858, ní Maurício ló máa ń so irinṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹrú Antônio ni Maurício. Ibẹ̀ ló dùn mí jù: ọmọ Isabel náà ní ẹrú. Mi ò ní fi wúrà bo ìyẹn.

Láti 1796 sí 1799, wọ́n gbẹ́ ère igi 66 ní Congonhas, ère ìjìyà Jésù. Láti 1800 sí 1805, wòlíì 12 tí wọ́n fi òkúta gbẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1814. Ṣọ́ọ̀ṣì Antônio Dias ní Ouro Preto ni wọ́n sin ín sí.

Arọ kékeré ni ayé ṣì ń pè é. Ní tèmi, Antônio ọmọ Isabel ni màá máa pè é.